Ìró Kan Nínú Ọ̀fun Ẹyẹ: Àkọsílẹ̀ Àìsàn Tó Wọ Kéèjì Mi ní Ṣómólú

Àbígbẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù Kìíní. Ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n ti mú iná lọ, a ò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ náà jókòó ti kéèjì ẹyẹ, ó ní, "Dádì, ẹ wá gbọ́ o, ẹyẹ yìí ń dún bí aago." Mo ní kó jẹ́ kí ẹyẹ sùn. Ó ní rárá, àfi kí n wá. Mo gbé etí sún mọ́ wáyà kéèjì, mo sì gbọ́ ọ lóòótọ́: tá, tá, tá, ó ń rọra dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ta ike. Kì í ṣe orin, kì í ṣe igbe. Èémí ẹyẹ náà ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Tèmi ti gbọ́, síbẹ̀ mo da aṣọ bo kéèjì, mo lọ sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà títí di ìparí oṣù Kejì ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú gbogbo ibi tí mo ti ṣìnà. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń sin finch, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń jẹ ọkà, nílùú yìí ni ẹyẹ wa ń kú, tí a ó kàn sọ pé "ọyẹ́ ló mú un," tí a ó tún lọ ra òmíràn.

Ẹyẹ mẹ́fà ni mo ní nígbà náà. Mẹ́rin jẹ́ zebra finch, méjì jẹ́ Gouldian, akọ kan, abo kan. Ọsirélíà ni ìran ẹyẹ méjèèjì ti wá. Àwọn zebra finch máa ń pariwo bí ẹ̀ga orí ọ̀pẹ, wọn kì í jẹ́ kí ilé ó tòrò. Àwọn Gouldian yàtọ̀: àyà àlùkò, ikùn òféèfèé bí ẹyin adìẹ ilé, ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé. Orí akọ tèmi pupa, ti abo dúdú. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, John Gould, ló fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elizabeth Gould, sọ ẹyẹ yìí ní 1844. Obìnrin náà ló máa ń yàwòrán ẹyẹ fún un, ó sì ti kú ní 1841. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí mo bá ń wo akọ yẹn lórí igi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀n wọn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fìdí kalẹ̀ sí. Zebra finch tó ti dàgbà wọn bíi gíráàmù 12, Gouldian bíi 15. Ṣíbí tí à ń fi po tíì wúwo jù wọ́n lọ. Ohun tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan péré, ó ti wọ gbèsè tí kò ní lè san.

Nígbà tí mo wá jókòó ronú lẹ́yìn náà, mo rí i pé ẹyẹ yẹn ti ń sọ fún mi tipẹ́. Orin akọ Gouldian kì í lọ sókè, àfi kéèyàn súnmọ́ ọn kó tó gbọ́. Á na ọrùn, á máa mì tìtì lórí igi, àgógó rẹ̀ ò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Kérésì tí mi ò ti gbọ́ orin yẹn mọ́. Mo ní ìyẹ́ ló ń pa dà, nítorí ẹyẹ tó ń pààrọ̀ ìyẹ́ kì í kọrin púpọ̀. Ó tún ń nu àgógó mọ́ igi léraléra, bí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ, kì í sì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Á gbọn orí, á tún gbọn ọ́n, bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Lọ́sàn-án gangan, á wú ìyẹ́ rẹ̀, á di ojú. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń wí àwíjàre fún un.

Ẹyẹ tó ń ṣàìsàn nínú igbó, bó bá jẹ́ kó hàn, àṣá á gbé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára yóò fi tán. Ọjọ́ tó o bá rí i tó káwọ́ gbera sílẹ̀ kéèjì, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kò lè fi pamọ́ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹnu akọ náà ti là sílẹ̀ díẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan. Abo náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo di ẹ̀bi rù ni iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣómólú, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, kéèjì sì wà ní ọ̀nà àbákọjá tó lọ sẹ́yìn. Òórùn yíǹkì, òórùn tínà, èéfín jẹnẹrétọ̀: mo ní ọ̀kan nínú wọn ni. Mo gbé kéèjì lọ sí báńkóníì ẹ̀yìn.

Ìbẹ̀rù yẹn kò burú fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í fara da èéfín rárá. Èéfín jẹnẹrétọ̀ lè pa á kí àwa tó mọ nǹkan kan, òórùn tó ń jáde lára páànù tí ọbẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù lórí iná, máa ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn àti oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín náà kò yẹ níbi tí wọ́n bá wà. Ṣùgbọ́n mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n béèrè: àwọn mélòó ló ń ṣe? Bó bá jẹ́ èéfín ni, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ìbá mú. Ooru náà bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta ní Èkó, gbogbo ẹyẹ inú kéèjì lè la ẹnu, kí wọ́n na apá kúrò lára kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀; bí ilẹ̀ bá ti tutù, wọ́n á pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan nínú mẹ́fà, tó ń la ẹnu ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí òtútù ń mú àwa gan-an, ti ooru kọ́ nìyẹn.

Ibi tí mo ti wá ṣì í ṣe ni pé mo gbé aláìsàn lọ sínú ọyẹ́. Atẹ́gùn gbígbẹ, eruku, òtútù ìdájí. Ara ẹyẹ máa ń gbóná tó nǹkan bí 41 lórí ìwọ̀n Celsius, oúnjẹ tó ń jẹ ló fi ń dáná yẹn. Mo gba ibi tó móoru lọ́wọ́ ẹni tí kò lè jẹun dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá ẹni tó ta abo náà fún mi lọ́jà. Kò wo nǹkan kan, kò béèrè nǹkan kan. Ó fún mi ní ìyẹ̀fun oògùn adìẹ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí iyeyè, ó ní kí n dà á sínú omi wọn. Oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní antibayọ́tíìkì. Omi náà korò, mo tọ́ ọ wò. Ẹyẹ kò mu ún. Ní àárọ̀ ọjọ́rú, abo Gouldian ti wà nílẹ̀ kéèjì, ó ti gan.

Ọmọ mi sunkún gidigidi. A gbẹ́ ilẹ̀ sídìí igi ìbẹ́pẹ, a sin ín. Dókítà ẹran tí mo padà rí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí n tíì sin ín: bí ẹyẹ bá kú láàárín àwọn tó ṣì wà láàyè, kéèyàn fi ọ̀rá wé e, kó gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín, nítorí yìnyín máa ń ba inú ẹran jẹ́, kó sì gbé e lọ fún dókítà kíákíá kó lè là á wò. Òkú yẹn ni ìbá sọ ohun tó pa á, ìbá sì gba akẹgbẹ́ rẹ̀ là lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mi ò mọ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíì lè mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aládùúgbò mi kan tó ń sin ewúrẹ́ gbé ìgò oògùn kan wá. Ọkàn rẹ̀ mọ́, èèyàn dáadáa ni. Ó ní, "Alàgbà, ẹ kán ẹyọ kan sí i lẹ́nu, kòkòrò kankan ò ní dúró." Ivermectin ni, èyí tí wọ́n ń gún fún màlúù àti ewúrẹ́. Mo ti mú ẹyẹ náà lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá dókítà ná." Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Oògùn yẹn, mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò fún ẹyẹ jẹ́ mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan. Ẹyẹ mi wọn gíráàmù 15, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Mílígíráàmù 0.003 ni tirẹ̀. Ìyẹn ni pé mílílítà kan ṣoṣo nínú ìgò náà tó ẹyẹ tó lé ní 3,000. Ẹyọ kan tí a fẹ́ kán sí i lẹ́nu yẹn ìbá fi ìlọ́po tó lé ní 160 ju ohun tó yẹ kó gbà lọ. Oògùn tó tọ̀nà gan-an ni, àmọ́ òun náà ni ìbá pa á.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Inú páálí kékeré ni mo gbé e sí, mo dá ihò sí i lára, mo tẹ́ tísù sísàlẹ̀, mo fọ́n jéró sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi aṣọ dúdú bò ó kó má bàa máa bẹ̀rù. A gba Fádéyí dé Ojúẹlẹ́gba, a wọ Súrùlérè. Mi ò wọ dáńfó. Mo háyà ọkọ̀, mo sì ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ má tan rédíò.

Dókítà náà ọ̀dọ́bìnrin ni. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, sir. Ẹ má tíì ṣí i." Ó gbé e sínú kéèjì kékeré, ó lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣàlàyé: bí ẹyẹ bá kọ́kọ́ rí àlejò, á na ara, á lẹ ìyẹ́ mọ́ra, á ṣe bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ó ní kí n jẹ́ ká fún un láyè kó gbàgbé wa. Ẹyẹ náà sì gbàgbé wa lóòótọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ wú, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹnu là.

Ìbéèrè ló wá tẹ̀lé e. Ìgbà wo lẹ gbọ́ orin rẹ̀ kẹ́yìn, sir? Àwọn mélòó ló ń ṣe? Ṣé lóru náà ló ń ṣe é? Ìgbà wo lẹ ra ẹyẹ tuntun kẹ́yìn? Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ti mú ìwé tí mo tẹ́ sílẹ̀ kéèjì lọ́wọ́. Ìgbẹ́ ẹyẹ tí ara rẹ̀ dá máa ń ní apá tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹfun funfun á wà lórí rẹ̀, omi díẹ̀ á yí i ká. Ti akọ yìí kéré, ó sì ti di àwọ̀ ewé kíkan. Ó ní ìyẹn kò fi àrùn kan pàtó hàn, ó kàn ń sọ pé oúnjẹ kò wọlé.

Lẹ́yìn náà ló mú un. Ó fi ọrùn rẹ̀ sáàárín ìka méjì, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ sùn sí àtẹ́lẹwọ́, kò sì fọwọ́ kan àyà. Ẹyẹ kò ní iṣan tó là àyà àti ikùn láàárín bíi tiwa. Àfi kí àyà rẹ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn kó tó lè mí. Ẹni tó bá di àyà ẹyẹ mú ṣinṣin ti fún un lọ́rùn nìyẹn. Ó ní kí n fi ìka kan wo egungun àárín àyà rẹ̀. Ó mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, kò sí ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e lé ìwọ̀n kékeré: gíráàmù 12.6.

Ó wá pa iná, ó fa kọ́tìnì. Ó fi sípíríìtì díẹ̀ tutù lára òwú, ó fi nu iwájú ọrùn ẹyẹ náà, àwọn ìyẹ́ kéékèèké sì pínyà. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì kan tó mú gan-an sí ẹ̀yìn ọrùn, ó ní, "Ẹ súnmọ́ ibí, sir."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbé bébà sójú iná láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Awọ ọrùn náà fẹ́lẹ́ ju bébà tí à ń fi ṣe àdàkọ lọ, ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Gògóńgò rẹ̀ hàn láàárín bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, òrùka òrùka. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí àmì dúdú kan, kò tóbi ju ojú àmì ìdánudúró inú lẹ́tà tó kéré jù tí à ń tẹ̀ lọ. Mo rí èkejì. Mo rí ẹ̀kẹta. Èkejì yẹn rìn. Mo fojú ara mi rí i tó rìn sókè díẹ̀ nínú ọ̀nà tí ẹyẹ mi ń gbà mí.

Kòkòrò inú àpò afẹ́fẹ́ ni wọ́n. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ni Sternostoma tracheacolum, 1948 ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn, ìtumọ̀ apá kejì orúkọ náà sì ni pé inú gògóńgò ló ń gbé. Ó máa ń wà nínú gògóńgò, nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tí ẹyẹ ní káàkiri inú ara rẹ̀. Gouldian àti canary, ẹyẹ olórin mìíràn tí wọ́n ń sìn nínú kéèjì, ló máa ń yọ lẹ́nu jù. Òun ló ń fa ìró tá, tá yẹn, òun ló sì ń gba ohùn lẹ́nu wọn. Ẹyẹ lè kó o fún ẹyẹ nípa sínsín, nípa omi tí wọ́n jọ ń mu, ìyá àti bàbá náà lè kó o fún ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń pọ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Antibayọ́tíìkì tí mo dà sómi ò lè pa á. Kì í ṣe irú kòkòrò tó wà fún nìyẹn.

Ohun kan tí dókítà náà tẹnu mọ́: bí ẹ bá tan iná wò ó tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ má sọ pé kò sí. Ó lè wà nísàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé.

Ivermectin náà ló lò, oògùn kan náà tí wọ́n ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1987 fún àwọn ará etí odò kí wọ́n má bàa fọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ti pò ó, ó ti ṣírò rẹ̀ sí ìwọ̀n ara ẹyẹ yẹn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kí ìyẹ́ lè là, ó sì kán ẹyọ tíńtín kan sára awọ níbẹ̀. Ó tán. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ 14 ká tún un ṣe, kí a sì ṣe gbogbo àwọn yòókù, tó ń ṣe tí kò ṣe. Ó sì kìlọ̀ fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́: "Sir, bí àwọn kòkòrò yìí bá ń kú, òkú wọn lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ó lè burú sí i kó tó sàn. Ó sì lè kú."

Mo béèrè bóyá abo tí mo rà nínú oṣù Kọkànlá ló kó o wá. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ó tún ní ó ṣeé ṣe kó ti wà lára akọ tẹ́lẹ̀, kí wàhálà ìpààrọ̀ ìyẹ́ kàn jẹ́ kó gbèrú. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni pé mo ra abo yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Sátidé kan náà ni mo fi í sáàárín àwọn yòókù. Ó yẹ kó dá wà fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, nínú yàrá mìíràn, pẹ̀lú agolo omi tirẹ̀. Òun ló kú.

Nílé, mo ṣe ibùsùn aláìsàn fún akọ náà. Páálí kan, mo fi nẹ́ẹ̀tì sí iwájú, mo gbé gílóòbù sí ẹ̀gbẹ́ kan níta páálí kí ẹ̀gbẹ́ yẹn lè móoru tó bíi 30 sí 32 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ẹ̀gbẹ́ kejì tutù díẹ̀ kó lè sá lọ síbẹ̀ bó bá gbóná jù. Mi ò fi igi gíga síbẹ̀. Ilẹ̀ ni oúnjẹ àti omi wà, tòsí ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n sì máa ń mú un lọ, mo máa ń rọ omi gbígbóná sínú ike, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wákàtí méjì méjì ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣe ti ọ̀sán, èmi ń ṣe ti òru.

Òru kejì ló le jù. Ìró náà lọ sókè débi pé mo ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó na ọrùn sókè, ó ń fà á bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Mo fẹ́ mú un lọ́wọ́, ọkàn mi ṣáà ń sọ pé kí n ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé ẹyẹ tí èémí ń nira fún, mímú un lọ́wọ́ gan-an lè pa á. Mo pa iná fóònù mi. Mo jókòó sínú òkùnkùn níwájú páálí yẹn, mo ń ka èémí rẹ̀, títí tí wọ́n fi pe ìrun àsùbá ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi jéró. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo lọ jí ọmọ mi.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Lọ́jọ́ kẹfà, ìrù kò jó mọ́ àfi bó bá fò. Ọjọ́ kẹrìnlá, a tún kán oògùn, ó ti wọn 13.8. Mo ra ìwọ̀n kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ta gólù ń lò. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni mo ń wọn gbogbo wọn báyìí, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú ò lè rí i pé ẹyẹ ti fọn gíráàmù kan, ìyẹ́ á bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n á rí i. Àwọn zebra finch mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba oògùn tiwọn, kò sí èyí tó ṣe wọn.

Inú oṣù Kejì yẹn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹbúté Mẹ́ta pè mí. Ó ti gbọ́ ìtàn mi, ó ní abo zebra finch òun wú ìyẹ́ sílẹ̀ kéèjì, ó ń mí gúlegúle, ìrù rẹ̀ ń jó, ó ní irú kòkòrò tèmi nìyẹn, kí n bá òun gba oògùn. Mo ní kó yí kámẹ́rà sí i kí n rí i. Ẹyẹ náà la ẹsẹ̀ méjèèjì, abẹ́ ìrù rẹ̀ wú, ó ń ti ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Mo bi í pé ṣé ó ń yé. Ó ní ó ti yé mẹ́ta, ó ti dúró láti àná. Kì í ṣe kòkòrò. Ẹyin ló há sí i nínú. Mo ní kó gbé e síbi tó móoru lójú ẹsẹ̀, kó fi omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kí ooru náà ní ọ̀rinrin, kó má tẹ ikùn rẹ̀ rárá, nítorí bí ẹyin bá fọ́ sínú, ó parí, kó sì máa gbé e lọ bá dókítà, kó má dúró dọ̀la. Dókítà fún un ní kálísíọ́mù, èròjà tí ara ẹyẹ fi ń ṣe èèpo ẹyin, ẹyin náà sì jáde nírọ̀lẹ́. Jéró nìkan ni ọ̀rẹ́ mi ti ń fún un láti ọjọ́ tó ti rà á. Kò sí èèpo ẹyin tí a sè tí a sì lọ̀, kò sí egungun kọ́tùfíìṣì, ìyẹn egungun ẹran inú òkun kan tí ẹyẹ máa ń ṣá jẹ fún kálísíọ́mù, kò sí ẹ̀fọ́. Ìrù tó ń jó kan náà ni, ohun méjì tó jìnnà síra wọn ló ń fà á. Bí mo bá ti fi oògùn tèmi ránṣẹ́ sí i bó ṣe bẹ̀ mí, ẹyẹ yẹn ìbá ti kú sí wa lọ́wọ́.

Kéèjì mi ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Yàrá àwọn ọmọ ló wà báyìí, ó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, fèrèsé wà níbẹ̀ àmọ́ atẹ́gùn kì í fẹ́ lù wọ́n tààrà. Mi ò tíì ra abo mìíràn fún akọ náà. Ẹni tí mo fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bárígà ti gbà pé kí n wá jókòó ti ẹyẹ náà lálẹ́, nínú òkùnkùn, kí n tẹ́tí sí i kí n tó sanwó.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, mo ń di ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan nígbà tí ọmọ mi sáré wá, ó fi ìka lé ẹnu kí n má sọ̀rọ̀, ó fà mí lọ́wọ́. Akọ náà wà lórí igi, ó na ọrùn, ó ń mì tìtì, àgógó rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ là. A súnmọ́ ọn. Ohùn náà há díẹ̀, ibì kan wà láàárín orin tí ó ti máa ń já tí kì í já tẹ́lẹ̀, títí di òní ló sì ń já níbẹ̀. Ìwé mi kà báyìí fún ọjọ́ Àìkú tó kọjá: akọ Gouldian, gíráàmù 14.9, ó kọrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oòrùn tó yọ.